Siku, kena àbí charango: èwo nínú ohun èlò orin àwọn ará òkè Andes ni kí ẹ rà?

Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé èmi nìkan ni màá máa lò ó, àbí mo ní ẹni tí a jọ máa lò ó? Lọ́dọ̀ àwọn Aymara àti Quechua tó ń gbé ní àyíká adágún Titicaca, láàárín Peru àti Bolivia ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tó fi nǹkan bíi mítà 3,800 ga ju òkun lọ, ọ̀rọ̀ ẹni tó máa lò ó yìí gan-an ló mú kí àwọn ohun èlò yìí yàtọ̀ síra.

Siku

Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà láìmọ ohun tí wọ́n rà. Fèrè ni, àwọn tó ń sọ èdè Spéènì sì ń pè é ní zampoña. Ọ̀pá tín-ínrín tó ṣófo nínú ni wọ́n tò mọ́ ara wọn, gígùn wọn ò dọ́gba, ìsàlẹ̀ wọn dí, kò sì sí ihò ìka kankan lára wọn. Ohùn kan ṣoṣo ni ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀wọ́ méjì ló ń di siku kan: ira, tó sábà máa ń ní ọ̀pá 6, àti arka, tó ní 7. Ohùn tó wà lára ira kò sí lára arka. Bí ira bá fun ohùn kan, arka á fun èyí tó tẹ̀ lé e, báyìí ni wọ́n á ṣe máa gbà á lẹ́nu ara wọn títí orin á fi parí. Kò jọ lílé àti ègbè tiwa, nítorí ẹni tó ń lé orin lè dá gbólóhùn tirẹ̀ sọ tán. Níbí, ẹnì kan ò lè dá a sọ tán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ẹnì kan ló ń fun un, títí tí mo fi rí i pé èèyàn méjì dojú kọ ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ ta ọ̀wọ́ kan fún yín, ẹ béèrè èkejì. Àwọn kan wà tí wọ́n so ọ̀wọ́ méjèèjì pọ̀ kí ẹnì kan lè dá a fun. Ó dára fún ẹni tó dá wà. Ìwọ̀n siku ò dọ́gba: malta ni ìwọ̀n tó yẹ olùbẹ̀rẹ̀. Chuli kéré, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Sanka tóbi ju malta lọ. Toyo ní tirẹ̀ á gba èémí lẹ́nu yín.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òwú aláràbarà ni wọ́n fi dì í, ó wu ojú, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀pá mẹ́ta ò bá ti ìyókù mu. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fun ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sínú fóònù, kí ó fi ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Kena

Fèrè adágbé ni. Ihò 6 wà níwájú, 1 wà lẹ́yìn fún àtàǹpàkò. Èyí tó wọ́pọ̀ wà ní ohùn G. Etí òkè rẹ̀ ni wọ́n gé díẹ̀, ètè yín ló sì máa mú ohùn jáde, nítorí náà afẹ́fẹ́ lásán lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Kena tí wọ́n fi ọparun ṣe máa ń sán nígbà ọyẹ́. Fún ọmọdé, èyí tí wọ́n fi ike ṣe ti tó.

Charango

Ẹni tó ń fun fèrè ò lè kọrin. Bí orin ẹnu bá wù yín, charango ni kí ẹ rà. Ó jọ gìtá kékeré, okùn 10 ló ní, ní méjì-méjì, ara ohun èlò olókùn tí àwọn ará Spéènì kó dé ni ó sì ti jáde. Ní ìgbèríko, wọ́n fẹ́ràn okùn irin, tó ń ké gooro. Okùn ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) ni ti ìlú ńlá. Ẹ ra onígi. Èèpo ẹranko kan tó ń jẹ́ quirquincho ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ń dáàbò bo ẹranko náà báyìí, àwọn aṣọ́bodè sì lè gba irú charango bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Tarka, fèrè onígi ti ìgbà òjò, ẹgbẹ́ ló ń fun un pọ̀. Ẹ má dá a rà.

Bí ọmọ méjì bá wà nílé yín, malta kan ti tó: kí ọ̀kan mú ira, kí èkejì mú arka.