Pléètì òyìnbó ara máṣíìnì tòkunbọ̀ ni mo fi ra tèmi n'Íkòròdú

Honda CG125 ni mo rà, tòkunbọ̀ láti Ìlú Ọba. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Òun ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní Odógunyán lójoojúmọ́, òun náà ló ń kó ẹrù ìyàwó mi lọ sí Sábó. Ìkànnì tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí púpọ̀ nínú wa ni ò mọ̀ pé ó wà.

Ní Ìlú Ọba, máṣíìnì tó bá ti pé ọdún 3 gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT lọ́dọọdún. Èsì rẹ̀ wà lórí ìkànnì ìjọba wọn, gov.uk, láti 2005. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ẹ ò ní forúkọ sílẹ̀. Nọ́ńbà ara pléètì nìkan lẹ máa tẹ̀ síbẹ̀.

Máṣíìnì méjì ló wà níwájú mi ní ìsọ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ rà á. Pupa kan ń dán yinrin, míítà rẹ̀ wà ní 8,900 máìlì. Ẹni tó ń tà á ní, "Bọ̀ọ̀dá, èyí ò tíì rìn rárá, ẹ wo míítà." Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí fóònù. Àyẹ̀wò 2016 ti kọ 24,318 sílẹ̀! Bóyá wọ́n yí míítà padà ni o, bóyá wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni, kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ iye tó ti rìn mọ́. Mo kúrò nídìí rẹ̀.

Ìkejì dúdú, eruku bò ó, ìjókòó rẹ̀ ti ya. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ dùn ún kà. Àyẹ̀wò rẹ̀ àkọ́kọ́, 2009, 3,100 máìlì; èyí tó gbẹ̀yìn, 2019, 21,640. Kò sí ọdún tí wọ́n fò, kò sì sí ibi tí míítà ti padà sẹ́yìn. Ohun tí mo kà jù ni àwọn àkíyèsí abẹ́ èsì. Máṣíìnì lè yege, kí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ṣì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan báyìí ti ń jẹ tán. Ní 2011, wọ́n kọ ọ́ pé pádì búréèkì iwájú ti fẹ́ tán. Ní 2012, ọ̀rọ̀ búréèkì ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ni ín ti pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ní 2012 náà ló fìdí rẹmi torí ọ́ìlì tó ń jò ní ṣọ́ọ̀kì iwájú, ọjọ́ kejì ó padà wá, ó yege. Ẹlòmíì máa rí i pé ó fìdí rẹmi, á sì sá. Èmi ò sá, torí ẹni tó ń tètè tún nǹkan ṣe ni mo fẹ́ ra máṣíìnì lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó kọ mí lóminú ni ọ̀rọ̀ kan tó ń padà wá lọ́dọọdún láti 2017: sàlẹ́ńsà ti ń dípẹtà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ ra abẹ́ rẹ̀, ìka mi wọ ihò. Ìyẹn ni mo fi já ₦40,000 kúrò nínú owó rẹ̀.

Ẹ fi àwọ̀ àti ọdún tí ìkànnì náà kọ wé máṣíìnì tó wà níwájú yín o. Nọ́ńbà ṣásí kì í hàn níbẹ̀, pléètì kò sì ṣòro láti yọ lára ọ̀kan fi sára òmíràn.

Ibi tí ìwé yìí kù sí pọ̀ díẹ̀. MOT kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ti kílọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ti jíà. Búréèkì, táyà, iná, hóònù, ṣọ́ọ̀kì, ṣéènì, férémù, irú wọn ni wọ́n ń wò. Ohun tí ojú máṣíìnì sì rí nínú kòǹténà àti nínú òjò ìdí ìsọ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bàbá mẹkáníìkì wa dání. Kí wọ́n tó tan án rárá, wọ́n fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní bó bá ti gbóná, a jẹ́ pé wọ́n ti tan án kí a tó dé, ká má baà mọ̀ bó bá ń ṣòro tan. Ó tutù. Wọ́n ní, "Gbé e sí jíà kejì, kó o rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀." Wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n mi orí. "Kílọ́ọ̀ṣì yìí ò ní pẹ́ jẹ tán." Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni mo lò ó tí mo fi pààrọ̀ páálì kílọ́ọ̀ṣì. Owó rẹ̀ ò pa mí lára, torí àwọn ará Ṣáínà ti ṣe ẹ́ńjìnnì CG125 yìí ní oríṣiríṣi, èròjà rẹ̀ ò wọ́n lọ́jà wa.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú tí wọ́n kọ ní 2012 tún jò ní oṣù kẹfà tí mo ti ń lò ó. Kòtò ọ̀nà Ìgbógbó ló ṣe é, ṣùgbọ́n mo ti ra síìlì rẹ̀ sílé, torí ìwé ti sọ fún mi pé ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ò ti yá. Búréèkì àti férémù ò tíì fún mi ní wàhálà kankan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi lọ wo ọ̀kan ní ìsọ̀ kan náà. Kò rí pléètì lára rẹ̀. Mo ní kó bèèrè. Wọ́n ní ó ti sọnù. Mo ní kó máa bọ̀ nílé.