Láísẹ́ǹsì HMO fún ẹni tó ń gbé Ìlọrin tí ilé rẹ̀ wà ní England

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún la fún un. Ohun tí à ń gbé yẹ̀wò ni ìwé àṣẹ tí káńsù ilẹ̀ England ń fún onílé tó bá fi ilé kan háyà fún èèyàn púpọ̀ tí wọ́n jọ ń lo kíṣìnì àti balùwẹ̀, ilé àjọgbé tí wọ́n ń pè ní HMO. Àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán tó ti fẹ̀yìntì wálé, àmọ́ tí ilé wọn ṣì wà lọ́hùn-ún, là ń bá tọ ìwé yìí, ojú ẹni tó wà ní Kwara la sì fi wò ó. Ẹni tí òun àti ilé rẹ̀ jọ wà ládùúgbò kan náà lè fún un ní mẹ́rin.

Housing Act 2004 ni òfin tó gbé e ró. Bí èèyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń gbé inú ilé náà, tí wọn kì í ṣe ìdílé kan ṣoṣo, tí wọ́n sì jọ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, balùwẹ̀ tàbí kíṣìnì, dandan ni láísẹ́ǹsì. Tẹ́lẹ̀, ilé tó bá ní ìpele mẹ́ta sókè nìkan ni wọ́n ń mú. Láti October 1, 2018, wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ ìpele kúrò. Ẹ má tìtorí pé èèyàn mẹ́rin péré ló wà nínú tiyín kí ẹ fọwọ́ lẹ́rán: òfin kan náà fún káńsù lágbára láti mú ilé elénìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin náà mọ́ ọn ládùúgbò tó bá yàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi postcode ilé yín wá káńsù tó ni ín, kí ẹ ka ti káńsù yẹn gan-an. Èyí tí ilé ẹ̀gbọ́n yín wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìdílé yìí máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn wa lójú. Tọkọtaya, òbí àti ọmọ, òbí àgbà àti ọmọọmọ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni, àbúrò bàbá tàbí ti ìyá, títí kan àwọn ọmọ wọn, gbogbo wọn ni òfin kà sí ẹbí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà tí ẹ̀ ń pè ní àbúrò nítorí pé ìlú kan náà lẹ ti wá, àlejò ni lójú káńsù. Ọmọ ìlú mẹ́ta nínú yàrá mẹ́ta, ìdílé mẹ́ta nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, torí òṣìṣẹ́ káńsù tó bá wá wo ilé lè bi àwọn ayálégbé fúnra wọn.

Ká wá sórí ìwọ̀n yàrá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń já. Ẹni tó ti ju ọdún 10 lọ gbọ́dọ̀ ní 6.51 m² láti sùn sí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ méjì nínú yàrá kan, 10.22 m². Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, 4.64 m². Yàrá tí kò bá tó 4.64 m², ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí káńsù mọ̀ pé ó wà. Bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà tí àwọn bíríkìlà wa ń lò ṣírò rẹ̀, 10.22 m² tó yàrá 10 sí 11, ìyẹn ni pé yàrá 10 sí 12 nínú face-me-I-face-you ní Táńkẹ́ á gba tọkọtaya, á sì ṣẹ́kù. Yàrá 7 sí 10 ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Lórí ìwé, ó jọ pé ó pé. Ẹ sọ ọ́ di mítà, 6.50 m² péré ni yóò jẹ́. Ó ti já nìyẹn, fún ohun tí kò tó fífẹ̀ ìwé kan. Torí náà, ẹ má ṣe gba ẹsẹ̀ bàtà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn yàrá fún yín; kí ó fi mítà wọ̀n ọ́n láti ara ògiri dé ara ògiri, kí ó sì ya fọ́tò téèpù náà ránṣẹ́. Nínú yàrá abẹ́ òrùlé, ibi tí àjà bá ti lọ sílẹ̀ ju mítà 1.5 lọ kò sí nínú ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tó kéré jù lábẹ́ òfin nìwọ̀nyí o: ọ̀pọ̀ káńsù ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí kò bá sí pálọ̀ tí gbogbo wọn jọ ń lò.

Ilẹ̀kùn ló máa ń jẹ owó jù. Èyí tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni FD30S, tó lè dá iná dúró fún ìṣẹ́jú 30, tí kò sì jẹ́ kí èéfín kọjá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn nìkan kọ́: ó nílò hínjì mẹ́ta, irin tó ń tì í padà fúnra rẹ̀, àti rọ́bà etí rẹ̀ tó máa ń wú bí ooru bá mú un. Ohun tó ń bà á jẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Káfínńtà á gé etí rẹ̀ jù, àlàfo á sì ju mílímítà 4 lọ. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní jẹ́ kó tì dópin. Ayálégbé á yọ irin tó ń tì í nítorí ariwo. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí èèyàn lè fọwọ́ yí láti inú yàrá, kó sì jáde láìwá kọ́kọ́rọ́ kiri. Ẹ gbàgbé páádì àti ọ̀pá ìdábùú tí à ń lò nílé. Ẹ̀rọ tó ń kígbe iná gbọ́dọ̀ so mọ́ra wọn káàkiri ilé, kó wà lórí iná mànàmáná, kó sì ní bátìrì tirẹ̀. Èyí tó ń gbọ́ ooru ni kí ẹ fi sí kíṣìnì. Bí ẹ bá fi èyí tó ń gbọ́ èéfín síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ń dín dòdò ni yóò máa ké, wọ́n á sì yọ ọ́ jù sínú dúrọ́ọ̀.

Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò le. Wọ́n á béèrè àwòrán ilé tí a kọ ìwọ̀n yàrá sí, ìwé gáàsì ti ọdún náà, ìwé àyẹ̀wò wáyà iná tí kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, àti orúkọ báńkì tó yá yín lówó. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí báńkì yẹn náà pé ẹ ń tọrọ láísẹ́ǹsì, ibẹ̀ sì ni àṣírí ti ń tú fún ẹni tó gba owó ilé tí òun fúnra rẹ̀ á gbé, tó wá fi háyà. Ẹ kọ́kọ́ yanjú ìyẹn. Ẹ tún béèrè lọ́dọ̀ ẹ̀ka tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ nínú káńsù bóyá Article 4, ìyẹn òfin àdúgbò tó ń dènà sísọ ilé di ilé àjọgbé láìgbàṣẹ, wà ládùúgbò náà: bó bá wà, ẹ óò gba àṣẹ tiwọn kí ẹ tó sọ ilé ìdílé di ilé àjọgbé. Láísẹ́ǹsì kò rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà méjì ni wọ́n ń gba owó, àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀, èkejì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ sí i. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti káńsù kan sí òmíràn. Ìdí tí a fi yọ ìràwọ̀ kan nìyẹn, nítorí ilé méjì tó jọra á san iye tó jìnnà síra fún iṣẹ́ kan náà. Ìdúró ló jẹ ìràwọ̀ kejì. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Àmọ́ bí ìwé yín bá pé, tí ẹ sì ti san owó àkọ́kọ́, wọn kò lè dá yín lẹ́bi pé ẹ kò ní láísẹ́ǹsì níwọ̀n ìgbà tí wọn kò tíì dáhùn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ọ̀rọ̀ tó kan ará Kwara jù ni orúkọ tó máa wà lórí ìwé. Káńsù ń wá ẹni tó ṣeé fọkàn tán, tó sì lè dé ilé náà bí páìpù bá bẹ́. Alhaji tó ń gbé GRA Ìlọrin kò lè dé ibẹ̀. Ẹ fi aṣojú tó ń gbé lọ́hùn-ún ṣe alámòójútó, kí àdéhùn yín wà lákọsílẹ̀, kí ó sì lágbára láti náwó àtúnṣe láìkọ́kọ́ pè yín. Orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí gbogbo ayálégbé á ti rí i. Àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó ni láísẹ́ǹsì náà máa ń wọ ìwé àkọsílẹ̀ tí ará ìta lè kà. Bí ẹ bá sì ń gbé òkèèrè fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, aṣojú gbọ́dọ̀ yọ owó orí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó fi owó ilé ránṣẹ́, àyàfi bí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá ti gba fọ́ọ̀mù NRL1 yín wọlé, èyí tí onílé tó ń gbé òkèèrè fi ń tọrọ pé kí wọ́n má yọ owó orí náà.

Ọdún márùn-ún ló pẹ́ jù tí láísẹ́ǹsì lè lò. Kò ṣeé gbé fún ọmọ, kò ṣeé tà mọ́ ilé. Bí ẹni tó ni ín bá kú, ó parí lọ́jọ́ náà, oṣù mẹ́ta péré ni òfin sì fún àwọn tó kù kí wọ́n fi tún ọ̀rọ̀ ilé náà tò. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n á kọ́kọ́ fi àkọ́kọ́-kọ rẹ̀ ránṣẹ́, ó kéré tán ọjọ́ 14 lẹ ní láti fèsì. Ẹ wo iye èèyàn tí wọ́n kọ síbẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí àṣìṣe tó bá wà níbẹ̀ rọrùn láti fi ímeèlì tún ṣe nígbà yẹn. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilé, ni yóò kù, ọjọ́ 28 lẹ sì ní láti fi gbé e lọ síbẹ̀.