Peltor Kids: ohun ìbotí tó jẹ́ kí ọmọ mi lè jókòó nínú ìsìn

Ẹ̀yin òbí ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ, tí ariwo máa ń lé ọmọ yín jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni tiwa, ẹ sì mọ bí àkúbà, agogo àti sípíkà ṣe ń ró tí ìyìn bá gbóná. Kí wọ́n tó lu ìlù dé ibi kan, ọmọkùnrin mi á ti fọwọ́ méjèèjì di etí, á figbe ta, á kó sábẹ́ àga. Alágídí ni wọ́n ń pè é. Agídí kọ́ o! Ariwo yẹn ń dùn ún ni.

Peltor Kids, ti ilé iṣẹ́ 3M, ni mo rà fún un. Ó jọ hẹdífóònù, àmọ́ kò ní wáyà, kò sì lo bátìrì. SNR 27 ni wọ́n kọ fún un, ìyẹn bí agbára rẹ̀ láti dín ariwo kù ṣe tó. Etí ò di pátápátá: tí mo bá pè é nítòsí, ó ń dá mi lóhùn. Ooru nìkan ni àléébù rẹ̀, etí ọmọ máa ń làágùn nínú rẹ̀. Tí ìwàásù bá bẹ̀rẹ̀, mo máa ń yọ ọ́. Bí ọmọ bá ń lò ó ṣáá, ariwo kékeré náà lè wá máa dà á láàmú.

Ilé ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára, nígbà tó bá ń wo kàtúùnù. Èmi tún ya àwòrán méjì sórí páálí, kó lè mọ ohun tó kàn: ìlù kọ́kọ́, kíréyọ̀n tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ ìkórè, bí wọ́n ṣe gbé orin, ọmọ náà wò mí, ó fọwọ́ kan ohun ìbotí tó fi kọ́ ọrùn. Mo dé e fún un lójú ẹsẹ̀, mo ní, "O ṣeun, o fi hàn mí, o ò ké." Wọ́dà tó máa ń na pàṣán sí i tẹ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ọmọ dáadáa, o jókòó." Inú ọmọ mi dùn débi pé ó ń pàtẹ́wọ́.

Tí ọmọ yín ò bá fẹ́ kí nǹkan kan orí òun, ẹ má fipá dé e. Ẹ bẹ àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n fún yín láyè lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tó jìnnà sí sípíkà.