PHP 8 sọ ìyá tó ti san tán di ajigbèsè

Aago méje kò tíì lù tí Ìyá Aláta fi dé ẹnu ọ̀nà mi ní Kétu ti Benin, fóònù wọn lọ́wọ́. "Ọmọ mi, wá kà á sí mi létí. Ṣé èmi ni mo jẹ gbèsè?" Mo kà á: "Gbèsè yín ku 0 sẹ́fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè san án." Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti san tán! Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá mọ́kànlélógójì nínú ẹgbẹ́ àjọ wa ló ti gba irú ẹ̀.

Lóru mọ́jú ọjọ́ náà ni ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa tọ́jú sáìtì ẹgbẹ́, èyí tó ń fi ìránnilétí gbèsè ránṣẹ́, gbé wa kúrò lórí ẹ̀dà 7.4 ti PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi kọ ọ́, lọ sórí 8. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kọ kóòdù yẹn ní 2017. Kóòdù náà á yọ iye tí a san kúrò nínú gbèsè, á wá wò ó bóyá èyí tó kù == "", ìyẹn bóyá ó dọ́gba pẹ̀lú òfìfo. Ní PHP 7, òdo àti òfìfo dọ́gba, orúkọ ẹni tó san tán á bọ́ kúrò. Láti 8.0 tó jáde ní oṣù kọkànlá 2020, 0 kì í ṣe "" mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ kò pariwo! Each(), àṣẹ àtijọ́ tó ń mú nǹkan inú àkójọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n yọ dànù, ariwo ló fi dá ojú ewé kan dúró, mo fi foreach rọ́pò ẹ̀ kí omi ẹ̀kọ mi tó hó. A mọ ilẹ̀kùn líle ní Kétu, Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbodè tó yí òfin padà, ó yẹ kó ké sí èrò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́, orin ni mo gbọ́ títí owó fi tán. Ìkejì, ọmọbìnrin kan tú Faransé lé mi lórí, ó ní kí n kọ̀wé. Ìkẹta, ọmọkùnrin kan gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́ o" lẹ́nu mi, ló bá bọ́ sí Yorùbá Àjàṣẹ́. "A ti kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀mejì o." Síbo? Sí àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n mi, tí wọn ò ṣí mọ́ láti ọdún mẹ́rin! Mo ní kó dá 7.4 padà fún mi. Ó ní àtúnṣe ààbò rẹ̀ ti parí láti 28 oṣù kọkànlá 2022, àwọn ò lè ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Ó dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò gé fóònù. Ó bá mi wá ìlà náà fún wákàtí kan gbáko. Mo yí "" sí 0, ó tán. Ọlọ́run á bù kún ọmọ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì ni ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: a kò dá $itaran sílẹ̀ rí. Háà! $itanran, orúkọ tí kóòdù fi ń tọ́jú owó ìtanràn, ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ. Notice lásán, ìkìlọ̀ kékeré, ni PHP 7 ń pè é, ẹ̀gbọ́n mi sì ti di notice lẹ́nu pa. 8 sọ ọ́ di warning, ìkìlọ̀ ńlá, kò ṣeé dì lẹ́nu bẹ́ẹ̀ mọ́. Òdo ni PHP ń ka orúkọ tí kò mọ̀ sí. Àṣé láti 2017, ẹni tó bá pẹ́ san kò san ìtanràn kankan rí. Ọdún mélòó ni kóòdù fi ń purọ́ fún wa, tí ẹ̀dà tuntun yìí tú u fó lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Mo sáré lọ bá Ìyá Ẹgbẹ́. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Ta ló tún gbọ́?" Mo ní kò sí. "Má tíì tún un ṣe o."

Ìràwọ̀ tí mo fún PHP 8: 2 nínú 5. Ìyá Aláta kò tíì dáhùn ìkíni mi.