Òṣùwọ̀n lẹ́tà oníkílò 5: ó tówó rẹ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ lẹ́nu ààlà ìwúwo

Òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ oníbátìrì yìí, èyí tó ń gbé kílò 5 tó sì ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà láti ilé ní Bírítéènì. Kò wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ sì dáa. Ẹnu ààlà ìwúwo, níbi tí owó ìfìwéránṣẹ́ ti ń yí padà, ló ti ń dani.

Royal Mail, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Bírítéènì, kì í gbà ju gíráàmù 100 fún lẹ́tà lásán. Lẹ́tà ńlá ò gbọdọ̀ kọjá 750, páálí kékeré ò gbọdọ̀ kọjá kílò 2. Tí òṣùwọ̀n bá ka 62, kò sí wàhálà, bó tilẹ̀ fi 2 ṣìnà. 99 ńkọ́? Pé ó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan ò ní kó má fi ẹyọ kan tàbí méjì ṣì í. Bí sítáǹpù ò bá sì tó, oníbàárà yín ni wọ́n máa ní kó sanwó kó tó rí ẹrù rẹ̀ gbà.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò gba owó kankan. Kọ́ìnì 20p kan wúwo gíráàmù 5 géérégé. Ẹ to 20 lé e, ó yẹ kó ka 100. Ẹ sọ ọ́ di 50, ó yẹ kó ka 250. Èyí tó bá ka 97, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Orí tábìlì líle tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ tàn án ná kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan lé e, torí ohun tó bá wà lórí rẹ̀ nígbà tó ń tàn, òdo ló máa pè é. Ẹ di ẹrù náà tán, tòun ti sẹ́lótéèpù àti àdírẹ́sì, kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Àpò fífẹ̀ máa ń bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Ẹ gbé abọ́ fífúyẹ́ lé e, ẹ tẹ TARE, ìyẹn bọ́tìnì tó ń dá nọ́ńbà padà sí òdo, kẹ́ ẹ wá ki àpò náà bọ inú abọ́.

TARE yìí gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Tí lẹ́tà bá pọ̀, ẹ kó gbogbo wọn lé e, ẹ tẹ TARE, kẹ́ ẹ máa mú wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà tó bá jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò ni ìwúwo èyí tẹ́ ẹ mú. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó mú òmíràn.

Àbùkù rẹ̀ ò ṣàì sí. Bọ́tìnì tó ń yí gíráàmù sí oz (áúnsì) sún mọ́ TARE jù, ìka a sì máa ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, 3.5 oz tẹ́ ẹ rí yẹn, gíráàmù 99 ni. Bí bátìrì bá ti ń kú, nọ́ńbà ò ní dúró sójú kan mọ́.

Kò sì lè bá yín wọn nínípọn. Lẹ́tà tó wúwo gíráàmù 40 péré, tó bá ti nípọn ju mìlímítà 5 lọ, owó lẹ́tà ńlá lẹ máa san. Tó bá kọjá 25, ó ti di páálí nìyẹn. Ẹ ra rúlà mọ́ ọn.

Ẹni tó ń fi ẹrù kílò 10 ránṣẹ́ sílé, kó gba òṣùwọ̀n oníkọ́ tí wọ́n fi ń wọn báàgì lọ.