Láti Èkó dé New York láìdúró lọ́nà: ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe tó owó tí wọ́n gbà?

Oṣù Kìn-ín-ní ni mo kọ́kọ́ wọ bàlúù tí kì í dúró lọ́nà láti Èkó lọ sí New York, lẹ́yìn tí mo ti ń gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé owó rẹ̀ máa ń dín díẹ̀. Ìṣirò ló yí mi lọ́kàn padà. Láti Ìkẹjà dé pápákọ̀ JFK ní New York kò ju nǹkan bí 8,440 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá yà sí Lọ́ńdọ̀nù yóò rin nǹkan bí 10,500, ẹni tó bá sì gba Dubai lọ nítorí àtidín owó kù yóò rin ìlọ́po méjì 8,440 yẹn, nítorí pé ìlà-oòrùn ni yóò kọ́kọ́ doríkọ kí ó tó ṣẹ́rí padà sí ìwọ̀-oòrùn.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé bí bàlúù bá ti gbéra, orí òkun ni a ó gbà dé ọ̀hún. Àṣé nítorí pé ayé rí roboto, ilẹ̀ ni ọ̀nà tó yá jù lọ kọ́kọ́ gbà: Benin, Togo, Burkina Faso, Mali àti Mauritania, kí ó tó bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì.

Wákàtí 12 ni wọ́n pè é ní àlọ, ó sì jẹ́ nǹkan bíi 10 àti ààbọ̀ ní àbọ̀, nítorí pé ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún ti sábà máa ń fẹ́ wá, tó ń dínà fún bàlúù nígbà tó ń lọ, tó sì ń tì í lẹ́yìn nígbà tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ti kúrò ní Ìkòròdú nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, a gbéra ní òru gànjọ́, a sì balẹ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ti New York, nígbà tí ọ̀sán ti pọ́n ní Èkó. Nígbà tí mo fi dé ilé àbúrò mi ní Brooklyn ní aago mẹ́sàn-án, wákàtí 23 ti kọjá.

Àwọn òṣìṣẹ́ inú bàlúù náà mọ èèyàn í ṣàájò, ìrẹsì wọn sì dùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn aago kan òru, tí oorun ti ń kun gbogbo wa, ni wọ́n tó gbé e wá. Ìjókòó ni àléébù rẹ̀. Èmi kò ga, síbẹ̀ orúnkún mi ń kan ẹ̀yìn ìjókòó tó wà níwájú mi, ẹsẹ̀ mi sì ti wú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tàbí abiyamọ ló fẹ́ rìnrìn àjò náà, mo gbà pé kí ó san àfikún owó yẹn, nítorí kò ní í máa gbé ẹrù sáré kiri ní pápákọ̀ ìlú onílùú. Kí ó ṣáà rí i pé ìjókòó ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n fún òun, kí ó lè máa dìde nà ẹsẹ̀.