Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń lọ rajà ní Istanbul: ẹ ṣọ́ra fún àwọn awakọ̀ takisí tó ń ṣe gbájúẹ̀

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi ni mo kọ ìkìlọ̀ yìí sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra aṣọ, bàtà àti báàgì ní Laleli, Osmanbey àti Merter, àwọn àdúgbò ọjà ní Istanbul lórílẹ̀-èdè Tọ́kì, nítorí pé owó tí àwọn awakọ̀ takisí kan ń fi màgòmágó gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa ní Istanbul ti kọjá ohun tí a lè fi dákẹ́. Èrè orí ọjà kò tó nǹkan mọ́ láti ìgbà tí dọ́là ti wọ́n gógó, bẹ́ẹ̀ ni owó kágò kò dúró sójú kan. Ìwọ̀nba tó kù sí wa lọ́wọ́, kò yẹ kí ẹnìkan fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gbà á lọ kí a tó dé ìdí ọjà rárá.

Inú pápákọ̀ òfurufú gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Pápákọ̀ tuntun tí gbogbo ọkọ̀ òfurufú tó ń kó èrò ṣí lọ ní oṣù kẹrin ọdún 2019 jìnnà sí Laleli ju ti Atatürk àtijọ́ lọ dáadáa, ó ju 40 kìlómítà, nítorí náà owó ọkọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ibẹ̀ náà sì ni àwọn oníjìbìtì ń lúgọ sí. Kí ẹ tó jáde sí ìta, ọkùnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á wá bá yín pẹ̀lú ẹ̀rín, á fẹ́ gba ẹrù lọ́wọ́ yín, á sì fi káàdì kan hàn yín tí wọ́n kọ iye owó sí ní dọ́là. Ẹ má dá a lóhùn. Awakọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ kò sí nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ó wà lórí ìlà níta, nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí ó kàn. Nọ́ńbà takisí ìgboro ní Istanbul máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 34, T sì ni lẹ́tà tó máa ń tẹ̀lé e. Ẹ ó rí aláwọ̀ ìyeyè, ẹ ó rí aláwọ̀ búlúù tó fẹ́ jọ ewéko, ẹ ó sì rí dúdú; èyí aláwọ̀ ìyeyè ni owó rẹ̀ kéré jù lọ, dúdú ló wọ́n jù.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, bí ó tilẹ̀ lè bí ẹlòmíràn nínú: kì í ṣe àwọn ará Tọ́kì nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan wà ní Laleli tó máa ń ṣèlérí láti ilé pé àwọn á wá fi ọkọ̀ gbé ẹni tó ń bọ̀ nígbà àkọ́kọ́, tí wọ́n á sì gba ìlọ́po méjì owó takisí ní dọ́là, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ojú àlejò kò tíì là. Ẹ bi wọ́n ní iye owó kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì fi wé iye tí takisí ń gbà.

Mítà, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń ka owó ìrìn-àjò, ni òfin fọwọ́ sí, lírà, owó àwọn ará Tọ́kì, ni mítà sì ń kà, kì í ka dọ́là tàbí yúrò. Ẹni tó bá sọ pé mítà òun ti bàjẹ́, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé owó alẹ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀sán, irọ́ ló ń pa, nítorí pé iye kan náà ni wọ́n ń gbà tọ̀sán-tòru ní Istanbul. Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹrù wọ búùtù kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé mítà ni òun máa lò, nítorí pé bí ẹrù bá ti wọlé tán, ẹnu yín kò ní tólẹ̀ mọ́. Bákan náà, nígbà tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ gbé ẹrù sílẹ̀ ná kí ẹ tó san owó.

Níbi owó sísan yìí gan-an ni gbájúẹ̀ tó burú jù wà, mo sì rí i ṣojú mi. Èmi àti ìyá oníṣòwò kan láti Ìbàdàn ni a jọ wọ takisí láti Osmanbey padà sí Laleli ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Owó tí mítà kà fi díẹ̀ ju 200 lírà lọ, ìyá sì mú bébà 200 méjì fún awakọ̀ náà láti ẹ̀yìn tí a jókòó sí. Ọkùnrin náà gba owó, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá ṣéńjì nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ó sì yíjú padà, bébà 200 kan àti bébà 5 kan ló nà sí wa. Ó ní ohun tí ìyá fún òun nìyẹn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn sì ti ń fun fèrè. Kí n tó la ẹnu, ìyá ti yọ 200 mìíràn fún un, nítorí pé ó rò pé àṣìṣe òun ni. Ìgbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì sún mọ́ wa láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ náà ti lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ìyá náà kò mọ owó kà. Ojú Mustafa Kemal Atatürk, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, ló wà lára gbogbo bébà owó Tọ́kì, láti 5 títí dé 200. Títí di ọdún 2013, bébà 5 máa ń jọ 50, ni báńkì àpapọ̀ wọn bá yí àwọ̀ rẹ̀ padà sí elésè àlùkò; ṣùgbọ́n àwọ̀ 200 náà kò jìnnà sí elésè àlùkò, nínú ọkọ̀ tí kò sí iná, wọ́n lè dàrú mọ́ ènìyàn lójú. Ẹ fi gígùn rẹ̀ mọ̀ ọ́n: bébà 200 fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta gùn ju bébà 5 lọ. Kí ẹ tó na owó, ẹ ní kí ó tan iná inú ọkọ̀, kí ẹ gbé bébà kọ̀ọ̀kan sókè lójú rẹ̀, kí ẹ sì pe iye rẹ̀ sókè ketekete kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ yín. Ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ pé kí ẹ ti ṣẹ́ owó sí wẹ́wẹ́ láti ìdí ọjà, kí ẹ lè san iye tó súnmọ́ ohun tí mítà kà. Bí ó bá sì fi bébà 5 hàn yín, ẹ má yọ òmíràn o. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹ ya àwòrán nọ́ńbà rẹ̀ àti mítà níṣojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni ojú á tì, tí wọ́n á sì "rí" owó náà lábẹ́ ìjókòó.

Gbájúẹ̀ mìíràn ni ọ̀nà yíyípo. Laleli, Osmanbey, Merter àti pápákọ̀ òfurufú tuntun, apá Yúróòpù ni gbogbo wọn wà, nítorí náà kò sí ohun tó yẹ kó gbé takisí tó ń rìn láàárín wọn sọdá omi Bosphorus, tó pín ìlú náà sí apá Yúróòpù àti apá Éṣíà. Omi Haliç, tó wà ní apá Yúróòpù níbẹ̀, nìkan ni ẹ máa sọdá bí ẹ bá ń ti Laleli lọ sí Osmanbey. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà abẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní Avrasya Tüneli, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, kò jìnnà sí Laleli rárá, èrò ọkọ̀ ló sì máa ń san owó ibodè rẹ̀ mọ́ owó mítà. Ẹni tó bá gbé yín gba ibẹ̀ ti gbé yín lọ sí apá Éṣíà, ẹ ó sì tún san owó láti padà. Ẹ tan máàpù sórí fóònù yín, kí awakọ̀ rí i pé ẹ tàn án. Bí ó bá jẹ́ pé pápákọ̀ Sabiha Gökçen ni ẹ bà sí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí pé apá Éṣíà ni ìyẹn wà, ẹ kò sì lè ṣe kí ẹ má sọdá.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ mi kí ó wá rò pé olè ni gbogbo wọn. Ní ìrìn-àjò yẹn kan náà, mo gbàgbé àpò kan tí rìsíìtì ọjà àti ìwé kágò mi wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì bá mi pè láti ibùdó takisí tó wà ní òpópónà kejì. Bàbá arúgbó tó wà á gbé àpò náà padà wá sí ìdí tábìlì àwọn olùgbàlejò, ó kọ owó ọpẹ́ tí mo nà sí i, iye tí mítà kà fún wíwá rẹ̀ nìkan ló gbà. Mo gbà pé ibi tí ẹ ti wọ ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju ìrísí awakọ̀ lọ. Ẹni tó ní ibùdó, tí ilé hòtẹ́ẹ̀lì mọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bi léèrè lọ́la, kò ní fẹ́ ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ nítorí 200 lírà. Èyí tó ń rìn gbéregbère níwájú ṣọ́ọ̀bù ní alẹ́, tó ń pe àwọn tó di ẹrù mọ́ra, ni kí ẹ bẹ̀rù.

Fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, bọ́ọ̀sì Havaist ń lọ láti pápákọ̀ sí Aksaray, ẹ̀gbẹ́ Laleli níbẹ̀. Láàárín ìgboro, BiTaksi àti Uber lórí fóònù ń pe takisí tí nọ́ńbà rẹ̀ á wà ní àkọsílẹ̀. Bí awakọ̀ bá ní kí ẹ fagi lé ìpè náà lórí fóònù kí ẹ san owó lọ́wọ́, ẹ má gbà.

Bí wọ́n bá ti lù yín ní jìbìtì, ẹ má lọ sùn lé e. Nọ́ńbà 153 ni ti ìjọba ìlú Istanbul fún ẹ̀sùn, òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì yín sì lè bá yín pè é ní èdè wọn. Àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò wà ní Sultanahmet, ibi tí tírámù T1 ń gbé ènìyàn dé láti Laleli kíákíá. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tí ẹ ti wọ̀ ọ́, ibi tí ẹ ti sọ̀, àti àkókò. Ẹ béèrè rìsíìtì, tí àwọn ń pè ní fiş, nígbàkigbà tí ẹ bá sanwó, nítorí pé nọ́ńbà ọkọ̀ náà máa ń wà lórí rẹ̀.